Ọwọ́ Tí Kì Í Làágùn

Kí ẹ̀gbọ́n mi tó ra ẹ̀rọ náà, mi ò mọ̀ pé orin lè máa dún nínú orí ẹnì kan, kí ẹni tí ó jókòó tì í má sì gbọ́ nǹkan kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Ọwọ́ oníṣòwò ará Nàìjíríà kan ní ọjà Bantè ló ti rà á, ọkùnrin tí ó ń ta bẹntiróòlù nínú ìgò ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, tí ó sì ń ta aago, tọ́ọ̀ṣì àti rédíò nínú ilé. Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju ìwé àdúrà lọ. Kásẹ́ẹ̀tì kan ni ó ń gbà, bátìrì méjì ni ó ń lò, orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára sì ti pa rẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́kúmánì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó ní kásíkì tín-ín-rín kan tí a ń gbé ka orí, tí kànrìnkàn rírọ̀ méjì wà ní ìkángun rẹ̀ láti bo etí.

Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìyá wa nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wọlé láti ọjà. Ó gbé kásíkì náà lé mi lórí, ó sì tẹ bọ́tìnnì kan. Ìlù bẹ́ sí àárín orí mi. Kì í ṣe láti iwájú, kì í ṣe láti ẹ̀yìn. Àárín orí mi gan-an ni, bí ẹni pé àwọn akọrin náà ti ń gbé níbẹ̀ tipẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Mo rí i tí ó ń rẹ́rìn-ín, mo rí ìyá wa tí ó yọ jáde láti yàrá.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí etí mi kan. "Má pariwo mọ́, àbúrò," ó ní. "Ìwọ nìkan ni ó ń gbọ́ ọ."

Olùkọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi yìí, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Bantè. Ọdún mẹ́fà ni ó fi jù mí lọ. Láti kékeré ni ó ti fẹ́ràn eré sísá, kò sì fi í sílẹ̀ nígbà tí ó dàgbà. Tí ó bá ti kírun àárọ̀ tán, yóò wọ bàtà rọ́bà rẹ̀, yóò sì kọrí sí ọ̀nà Lougba, láàárín oko iṣu àti igi kajú. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń lọ sóko máa ń dúró wò ó. Wọ́n ní, "Olùkọ́, ta ló ń lé yín?" Yóò juwọ́ sí wọn, yóò kọjá. Ó sọ fún mi pé láti ìgbà tí òun ti ra ẹ̀rọ náà, ọ̀nà Lougba ti kúrú. Orin mẹ́rin ni ó fi ń dé ibi igi ìrókò ńlá tí ó ti máa ń yí padà.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà máa ń làágùn. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Tí ó bá sáré dé, a lè fún omi ẹ̀wù rẹ̀ sínú igbá. Ìgbànú ṣòkòtò ni ó sì ń fi ẹ̀rọ náà há. Kò pé oṣù kan tí àwọn bọ́tìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀. Ó tẹ èyí tí ó yẹ kí ó dá orin dúró, orin kò dúró. Ó yí kẹ̀kẹ́ kékeré tí a fi ń gbé ohùn sókè, ohùn náà ń ha gàràgàrà bí ẹni ń fi eyín jẹ iyanrìn. Nígbà tí ó yá, kò dún mọ́ rárá.

A gbé e lọ sí Savalou lọ́jọ́ tí kò sí ilé ẹ̀kọ́, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ọjà. Ọmọ Mahi ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èdè wa dáadáa, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀. Ó fi síkúrúdíráfà kékeré kan tú ìdérí ẹ̀rọ náà. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó na dígí rẹ̀ sí mi, èyí tí ó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá.

"Ẹ wo abẹ́ bọ́tìnnì yìí," ó ní.

Mo fi ojú sí i. Mo rí pápá funfun kan. Nǹkan bí òkúta wẹ́wẹ́ kún ibẹ̀, òmíràn ní igun mẹ́rin, òmíràn ń tàn bí àfọ́kù ìgò. Níbi tí wọ́n ti kan irin, àwọ̀ ewé ti bò wọ́n. Mo rò pé èèpẹ̀ ọ̀nà Lougba ni.

"Iyọ̀ ni," ọkùnrin náà ní. "Kì í ṣe èyí tí ẹ ń rà lọ́jà o. Láti ara ẹ̀gbọ́n yín ló ti jáde. Omi rẹ̀ gbẹ, iyọ̀ rẹ̀ dúró síbẹ̀, ó sì ń jẹ irin náà."

Mo gbé ojú kúrò, mo wo ẹ̀gbọ́n mi tí ó dúró tì mí, mo tún padà sí dígí náà. Gbogbo ìgbà ni mo ti mọ̀ pé òógùn máa ń dùn bí iyọ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n láti rí i báyìí, ní ègé ègé, tí ó le, tí ó ń tàn, tí ó sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ láti jẹ irin run! Mo ronú nípa gbogbo àwọn tí wọ́n ń kọ ebè ní Pira àti Lougba, iye iyọ̀ tí wọ́n ti fi sínú ilẹ̀ láti ìgbà tí a ti ń gbin iṣu.

Ọkùnrin náà fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré àti ọtí tí wọ́n fi ń fọ egbò nu àwọn irin náà mọ́. Orin padà. Nígbà tí a ń lọ, ó ní kí a wá nǹkan fi bò ó, nítorí pé bí iyọ̀ bá tún jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kò ní sí irin tí òun máa nu mọ́.

Èmi ni aránṣọ, iṣẹ́ di tèmi. Mo kọ́kọ́ dì í sínú ọ̀rá. Ọ̀rá náà kò jẹ́ kí òógùn wọlé, lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sáré dé, omi wẹ́wẹ́ ti kún inú rẹ̀ bí ìgbà tí a bá dé ìkòkò tí ń hó. Ooru ara rẹ̀ ló fà á. Mo gba rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń lẹ táyà, mo rán ìdí rẹ̀ pa. Ìyẹn le jù, kò jẹ́ kí ìka mọ bọ́tìnnì tí ó ń tẹ̀, ó sì ń rùn. Ẹ̀kẹta ni ó dára. Mo gé lára aṣọ rọ́bà tí a ń tẹ́ sórí tábìlì, mo fi ṣe ìta àpò. Inú rẹ̀, mo fi aṣọ òwú nínípọn sí i, èyí tí a lè yọ fọ̀ lójoojúmọ́, kí ó máa fa omi mu. Mo ṣe etí kan tí ó ń ṣẹ́ bo orí àwọn bọ́tìnnì, mo sì rán aṣọ ìnuwọ́ kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Kí ẹ tó tẹ nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ yìí nu ìka yín," mo sọ fún un. Ó gbọ́. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ mọ́, mo sì ń yangàn pé mo ti borí iyọ̀.

Nígbà tí òjò ń parí lọ ni ẹ̀gbọ́n mi gun ọ̀kadà lọ sí Pira láti kí olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí ìyàwó rẹ̀ bímọ. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ewúrẹ́ kan já sí ọ̀nà. Ọlọ́kadà fẹ́ yà fún un, ó sì ṣubú. Ọlọ́kadà náà kàn bó lára ni. Ẹ̀gbọ́n mi fi èjìká òsì balẹ̀, orí rẹ̀ sì fà sí apá kejì. Nígbà tí wọ́n gbé e délé, ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n apá òsì rẹ̀ ń fì bí apá ẹ̀wù tí a sá sórí okùn.

Ní ilé ìwòsàn ní Savalou, wọ́n ní egungun kankan kò ṣẹ́. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa na apá àti ẹsẹ̀ àwọn tí ara wọn kò gbọ́ràn. Èdè Faransé ni ó fi ń bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀, ó sì ń fi Yorùbá tí ó kọ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ bá èmi àti ìyá wa sọ ọ́. Ó fi abẹ́rẹ́ gún àtẹ́lẹwọ́ òsì ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ojú fèrèsé, kò mọ̀.

"Iṣan tí ó ń gbé ìmọ̀lára láti ọrùn lọ sí ọwọ́ ni ó fà," ọkùnrin náà ní. "Bí ó bá já, kò sí ohun tí mo lè ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ó kàn fà ni, ó lè padà hù. Ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Ẹ má retí rẹ̀ lóṣù yìí tàbí lóṣù tí ń bọ̀."

"Báwo la ṣe máa mọ̀?" ìyá wa béèrè.

Ó mú ọwọ́ ìyá wa, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn náà ó gbé e lé ti òsì. "Kí ni ẹ rí, ìyá?"

"Ọ̀tún tutù. Òsì gbẹ bí bébà."

"Ọwọ́ tí iṣan rẹ̀ bá sùn kì í làágùn," ó ní. "Ẹ máa nà án fún un lójoojúmọ́ kí oríkèé má baà gan. Ẹ sì máa yẹ awọ rẹ̀ wò, nítorí iná lè jó o, kò ní mọ̀."

A padà sí Bantè. Mo so àkànpọ̀ aṣọ kan kọ́ ọ lọ́rùn láti gbé apá náà dúró síwájú àyà. Ẹ̀gbọ́n mi padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀tún ni ó fi ń kọ̀wé tẹ́lẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n kò sáré mọ́. Tí ó bá kírun tán láàárọ̀, yóò jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, yóò máa wo ọ̀nà Lougba. Ìyá wa á wá, á mú ọwọ́ náà, á máa tẹ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á nà á, á ká a. Mo ti fọ àpò ẹ̀rọ náà, mo ká a sínú àpótí aṣọ. Mi ò fẹ́ kí ó rí i.

Òun fúnra rẹ̀ ló béèrè rẹ̀. Ọyẹ́ ti dé nígbà náà. Ó ní, "Àbúrò, ẹ̀rọ mi dà?" Mo mú un wá pẹ̀lú àpò rẹ̀. Ó yọ ọ́ kúrò nínú àpò, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sí mi.

"Dì í mọ́ ibí yìí," ó ní. "Ìwọ ń wá ibi tí òógùn kò ní dé. Ibẹ̀ nìyí."

Mi ò fẹ́. Lójú mi, ó dà bí ẹni pé a fẹ́ sọ òkú di tábìlì. Mo sọ pé kí a lo àpò, pé àpò náà ṣì dára.

"Ó ti jẹun ọ̀fẹ́ tó," ó ní, ó ń wo ọwọ́ náà. "Kí ó ṣiṣẹ́."

Mo ṣe é. Mo fi aṣọ rọ́bà sí ẹ̀yìn ọwọ́, láàárín òun àti àyà rẹ̀, kí òógùn àyà má baà dé ibẹ̀. Mo fi aṣọ òwú kan sí àtẹ́lẹwọ́, mo gbé ẹ̀rọ náà lé e kí àwọn bọ́tìnnì kọjú síta, mo sì fi rọ́bà ṣòkòtò wé e mọ́ ọwọ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, rọ́bà náà le jù. Ó sáré dé, ó ní ara òun dá. Nígbà tí mo tú u, ó ti gé awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti yọ, kò sì mọ̀ rárá. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà lọ, mo fi aṣọ fífẹ̀ tí ó rọ̀ rọ́pò rọ́bà, èmi fúnra mi ni mo ń dì í, tí mo sì ń tú u.

Ó sáré báyìí títí ọyẹ́ fi lọ, tí òjò dé, tí wọ́n wa iṣu tuntun, tí òjò tún ń lọ. Apá kan ń fì, apá kan wà lọ́rùn, orin wà lọ́wọ́ tí kò mọ̀ pé òun gbé e. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo ara rẹ̀ lè rẹ bí ẹni tí ó jáde látinú odò, ibi kan ṣoṣo yẹn yóò gbẹ. Àwọn àgbẹ̀ kò bi í mọ́ pé ta ló ń lé e. Wọ́n máa ń sọ ọkọ́ kalẹ̀, wọ́n á dúró títí yóò fi kọjá.

Ọyẹ́ kejì ni. Kò sí ìrì, kò sí òjò, ètè gbogbo wa ti là. Ẹ̀gbọ́n mi dé láti ọ̀nà Lougba, ó jókòó, ó ní, "Ó tún ti lẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́, kò dún."

Inú bí mi. "Ẹ ti fi ìka tútù tẹ̀ ẹ́," mo ní.

"Mo nu ìka mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ náà. Aṣọ rọ́bà tí ó wà lẹ́yìn gbẹ ní apá tí ó kọjú sí ọwọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ẹ̀rọ náà, aṣọ òwú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Ó tutù. Mo gbé e sí ahọ́n mi. Iyọ̀ ni.

Mi ò sọ fún un. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ ọ́, kò ní jẹ́ òótọ́ mọ́. Mo fi ìbòrí mi nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí ó fi gbẹ, mo sì yí i sí oòrùn. Mo ń wò ó. Ó ní, "Kí lò ń wò?" Lórí àtàǹpàkò, nínú àwọn ìlà tín-ín-rín tí Ọlọ́run fi sí ìka ènìyàn, ẹ̀kán kan yọ, kò tó orí abẹ́rẹ́. Ó ń tàn. Òmíràn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, lórí ìka ìfábẹ̀lá, mẹ́ta, mẹ́rin, wọ́n ń jáde láti inú lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tí ó pè wọ́n.

"Ìyá wa," mo pè. "Ẹ wá."

Ìyá wa wá pẹ̀lú ìyẹ̀fun èlùbọ́ lọ́wọ́. Ó wo ibi tí mo nawọ́ sí. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀, obìnrin àgbà bẹ́ẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ ọmọ rẹ̀ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì dì í mú síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò wá. Ó ti yé e. Ó ń mí gúlegúle bí ẹni tí ó ṣì ń sáré.

A lọ sí Savalou lọ́jọ́ kejì, àwa mẹ́ta. Ọkùnrin ilé ìwòsàn náà fọwọ́ kan ọwọ́ náà. Ó rán mi lọ sí ọjà láti ra lẹ́búlẹ́bú gbágùúdá funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń gan aṣọ. Nígbà tí mo dé, ó ti fi oògùn egbò pupa rúsúrúsú kan, tí wọ́n ń pè ní yọ́ọ̀dù, kun àtẹ́lẹwọ́ òsì ẹ̀gbọ́n mi, ó sì ti gbẹ. Ó fọ́n lẹ́búlẹ́bú náà sí i títí gbogbo rẹ̀ fi funfun. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi sáré yí ọgbà ilé ìwòsàn ká. Àwọn aláìsàn tí wọ́n jókòó sábẹ́ igi ń wò ó bí ó ti ń gbé ọwọ́ funfun kọjá, ìgbà àkọ́kọ́, ìgbà kejì, ìgbà kẹta.

Nígbà tí ó padà, ọkùnrin náà ní kí ó tẹ́ ọwọ́ sórí tábìlì.

Ọwọ́ náà ti ń yí padà. Àwọn àmì kéékèèké yọ lórí funfun náà, dúdú bí aró, lórí àtàǹpàkò, lórí ìka kejì àti ìkẹta. Wọ́n ń pọ̀ sí i bí a ti ń wò wọ́n, bí ìràwọ̀ tí ń yọ, àfi pé funfun ni ojú ọ̀run tiwọn, àwọn fúnra wọn sì dúdú. Ní apá ìka ọmọńdinrín, kò sí nǹkan kan. Funfun ni, ó dá sílẹ̀.

"Níbi tí òógùn bá ti pàdé ìyẹ̀fun àti oògùn yìí, á di aró," ọkùnrin náà ní. Ó mú bíìkì tí ó fi ń kọ̀wé, ó fa ìlà kan sí ibi tí dúdú parí sí. "Iṣan ti dé ibí. Ó ti ń rìn láti ọrùn láti ìgbà tí ẹ ti lọ, lójoojúmọ́, nígbà tí a kò rí i."

Ìyá wa béèrè bóyá òun lè fọwọ́ kan án. Ọkùnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìyá wa kò fọwọ́ kan án. Ó kàn tẹ̀ síwájú, ó ń wò ó.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e kò rọrùn. Nígbà tí ìmọ̀lára bẹ̀rẹ̀ sí í padà, ìrora ni ó kọ́kọ́ dé. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìjàlọ ń rìn nínú egungun òun, pé omi tútù ń jó òun bí iná. Ó máa ń jókòó sínú kíláàsì, á di ọwọ́ náà mú, ojú rẹ̀ á pọ́n. Ìyá wa á bu omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fún un, á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìrora náà, títí ẹ̀gbọ́n mi fi ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó rọra dúpẹ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ mì. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbọ̀nwọ́. A yọ aṣọ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ìka kékeré méjì kò padà rí, wọ́n ká wọnú títí di òní, bí ẹ̀gbọ́n mi bá sì gbé apá sókè, kò kọjá etí.

Ní ti ẹ̀rọ náà, a kò gbé e lọ tún ṣe mọ́. Ọkùnrin ẹ̀bá ọjà Savalou ti sọ fún wa, irin rẹ̀ ti tán. Ẹ̀gbọ́n mi ń sáré láìsí orin fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ráhùn.

Ó máa ń wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní ọ̀sán Ọjọ́rú, nígbà tí kò bá sí ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n tẹ́ àjákù aṣọ sílẹ̀, ó sì di ojú. Ó ń fi ìka òsì kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń lọ́ra, iwájú orí rẹ̀ hunjọ.

"Èyí, àǹkárá ni," ó ní. Àǹkárá ni lóòótọ́. "Èyí, léèsì." Léèsì ni. Ó dé orí àrán, aṣọ tí irun wẹ́wẹ́ bo ojú rẹ̀, ó dúró. Ó fi ìka rìn ín síwájú, ó fi rìn ín sẹ́yìn, ó tún fi ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò kàn án. Mo dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ kí ariwo má baà dí i lọ́wọ́.

"Èyí ni mi ò mọ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n ó ń yí àwọ̀ padà. Tí mo bá lọ síwájú, ó jẹ́ ọ̀kan. Tí mo bá padà, ó di òmíràn."

Ó ní kí n má tíì sọ orúkọ rẹ̀ fún òun. Ó ṣì ń fọwọ́ pa á nígbà tí ìyá wa gbé oúnjẹ wá.